Ọmọ Ajá Wo Ló Lè Bá Ehoro Gbé Inú Ọgbà Kan Náà?

Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹran ọ̀sìn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, okun o. Lẹ́tà mẹ́ta tí ó dá lórí ajá àti ehoro ni mo mú nínú àwọn tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fi àyè tí ó pọ̀ jù sílẹ̀ fún, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò tíì mú ajá wọlé. Ó béèrè kí ó tó ṣe é, ìgbà náà sì ni ìmọ̀ràn máa ń wúlò jù lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Olùkọ́ ni mí ní Ìsánlú. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún 11, ní abo ehoro funfun kan tí àbúrò mi mú wá fún un láti Kàbà. Kì í ṣe ehoro títà, kì í sì í ṣe ti jíjẹ. Ó máa ń tẹ̀lé ọmọ náà káàkiri yàrá, a sì máa gba ewé ọ̀dùnkún lọ́wọ́ rẹ̀. Nísinsìnyí, olè ti ń yọ àdúgbò wa lẹ́nu, bàbá àwọn ọmọ sì ti pinnu pé a gbọ́dọ̀ ní ajá kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún wa. Ọdẹ kan tí ó jẹ́ aládùúgbò wa ní abo ajá tí ó bí mẹ́fà, ó sì fẹ́ fún wa ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní Lọ́kọ́ja ní ọmọ Alsatian tí yóò tà fún wa ní ẹ̀dínwó. Ẹnìkan nínú ìjọ wa sì ní àwọn kékeré onírun gígùn tí wọ́n ń pè ní Lhasa. Èwo nínú wọn ni kò ní pa ehoro ọmọ mi? Ajá kò tíì dé tí ọmọ náà ti ń sunkún.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn ilé, ìyá wa, ẹ sì bá mi rẹ ọmọ náà lẹ́kún. Ẹ béèrè èyí tí kò ní pa ehoro. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìbéèrè kan kún un: èwo ni ehoro náà lè fara dà? Ẹran tí ọ̀pọ̀ ẹranko ń pa jẹ ni ehoro. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà kí ó lè rí ọ̀tá níwájú àti lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó sì gbójú lé láti fi sá àsálà. Bí ajá bá há a mọ́ igun ilé, tí kò rí ibi sá gbà, ó lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà ta tagbára-tagbára débi tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dá, láìjẹ́ pé eyín ajá kàn án rárá. Ìbẹ̀rù nìkan pàápàá lè mú kí ìfun rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ajá lè lo odindi ọjọ́ kan láìjẹun kí ó má sì ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n inú ehoro gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ehoro tí kò jẹun, tí kò sì yàgbẹ́ fún wákàtí 12, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Nítorí náà, ajá tí kò ṣe ju kí ó máa gbó yí kéèjì ká láti àárọ̀ di alẹ́ lè ṣekú pa ehoro gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó bù ú jẹ ti lè ṣe. Ohun méjèèjì ni mo fi ń wọn àwọn ajá tí ẹ dárúkọ.

Ọmọ ajá ọdẹ ni èmi yóò kọ́kọ́ yọ kúrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ẹni tí ó fẹ́ fún yín sì jẹ́ aládùúgbò rere. Ajá náà kò burú. Ajá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ni. Ẹ ti rí irú wọn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ní agbègbè Yàgbà, nígbà tí wọ́n bá ti sun igbó tán, tí àwọn ọdẹ so ṣaworo mọ́ wọn lọ́rùn, tí wọ́n ń tú òyà àti okété àti ehoro igbó jáde nínú koríko. Láti ìran dé ìran ni ọdẹ ti ń yan èyí tí ó yára jù, tí kì í fi ẹran sílẹ̀ bí ó bá ti gbá a mú, pé kí ó bí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ oṣù mélòó kan kò lè fà á tu. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló sì máa ń ju ìfun ẹran tútù fún ajá nínú igbó, tí ìyẹn ń kó aràn sí i nínú. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ aràn yìí, nítorí pé ó kan ehoro yín ju bí ẹ ti lè rò lọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò yín, kí ẹ sì sọ fún un pé ehoro wà nílé. Òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ lẹ sọ.

Alsatian yàtọ̀ sí ìyẹn. Ajá darandaran ni wọ́n ní ilẹ̀ Jámánì, àgùntàn ni wọ́n ń bá olówó wọn dà. Ó wù wọ́n láti máa lé ohun tí ń sá, ṣùgbọ́n àwọn tí ó sin wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ kò fẹ́ èyí tí yóò bu àgùntàn jẹ, wọ́n fẹ́ èyí tí yóò lé e kó wọnú agbo. Ó gbọ́n, ó sì máa ń gbọ́ràn sí ẹni tí ó bá ní àkókò fún un lẹ́nu. Ìtóbi rẹ̀ ni ó ń kọ mí lóminú. Kí ó tó pé oṣù 4, yóò ti wúwo ju ehoro lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí ó bá fi ṣeré lé ehoro lẹ́yìn sì lè ṣe é léṣe. Ẹ̀yin jẹ́ olùkọ́, ọkọ yín ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé. Alsatian tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀, tí kò rí iṣẹ́ kankan ṣe, kéèjì ehoro ni yóò sọ di iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹni tí yóò máa kọ́ ọ lójoojúmọ́, mi ò ní sọ pé kí ẹ má rà á. Bí kò bá sí, ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀dínwó kì í ṣe ìdí láti mú ajá wálé.

Ní ti Lhasa, ilẹ̀ Tibet ni ó ti ṣẹ̀ wá, inú ilé àti inú àwọn ilé ẹ̀sìn wọn níbẹ̀ ni ó ti ń ṣọ́nà. Etí rẹ̀ mú, ó máa ń gbó bí àjèjì bá sún mọ́ ilé, kì í sì í sábà gbóná lórí lílé ẹran. Olè lè má bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n olè kò fẹ́ ariwo. Wàhálà rẹ̀ wà lára irun. Bí ẹ kò bá yà á lójoojúmọ́ tàbí kí ẹ gé e mọ́lẹ̀, yóò lọ́ mọ́ra wọn, èèmọ́ yóò kún inú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru yóò sì máa da ẹran náà láàmú. Ẹ rí ìyá rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, nítorí pé àwọn ajá kan wà tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ yẹn tí ìdajì wọn jẹ́ nǹkan mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi beagle, dachshund, tàbí irú terrier kan lọ̀ yín nítorí pé wọ́n kéré, ẹ má gbà á. Ehoro gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi beagle lé, àwọn terrier àti dachshund sì ni wọ́n ń rán wọ inú ihò lọ bá ẹran.

Ọ̀nà kẹrin wà tí ẹ kò kà mọ́ wọn, òun sì ni èmi yóò tọ̀ bí ó bá jẹ́ ilé mi: ọmọ ajá ìbílẹ̀ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ajá ilé, tí kò tẹ̀lé ọdẹ rí, tí ó sì ń gbé láàárín adìyẹ àti ewúrẹ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò wọ́n, ní Ìsánlú títí dé Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀. Ajá ìbílẹ̀ mọ ooru wa, oúnjẹ rẹ̀ kò le, kò tóbi jù, ó sì ń gbó dáadáa lóru, èyí tí ó jẹ́ ohun tí bàbá àwọn ọmọ ń wá. Ẹ lọ wo ìyá náà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí adìyẹ ń wọlé. Ẹ jókòó, ẹ má ṣe nǹkan kan, kí ẹ kàn máa wò. Bí àgbébọ̀ bá gba orí ìrù rẹ̀ kọjá, tí òròmọdìyẹ ń ṣa oúnjẹ nídìí àwo rẹ̀, tí òun kò ṣe ju kí ó la ojú kan, kí ó sì tún un pa dé, ẹ ti rí ohun tí ẹ wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá pa ẹnu dé lójijì, tí ó rẹ orí sílẹ̀, tí ìrù rẹ̀ nà gbọọrọ láìmì, tí ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè tí kò sọ ọ́ kalẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára adìyẹ náà, ẹ dìde kí ẹ máa lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn burú ju gbígbó lọ. Ẹ bi onílé léèrè pẹ̀lú bóyá ó ti pa adìyẹ rí, kí ẹ sì tún bi àwọn ọmọdé ilé náà, nítorí pé ọmọdé kì í fi irú ìyẹn pamọ́.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé fífi ara da adìyẹ kò túmọ̀ sí fífi ara da ehoro. Ehoro a máa jókòó bí òkúta, á sì ta kọ́ṣọ́ lójijì, ìtapọ́n-ún yẹn sì máa ń jí nǹkan nínú ajá tí ìrìn adìyẹ kì í jí. Síbẹ̀, ìyá tí ó gba adìyẹ láàyè ni ibi tí ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má mú ọmọ ajá kankan kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ti ń fá ògì lá ni àwọn ènìyàn ti ń pín wọn, nígbà mìíràn ní ọ̀sẹ̀ 4 tàbí 5. Ọmọ tí wọ́n mú lọ bẹ́ẹ̀ pàdánù ẹ̀kọ́ tí kò sí ènìyàn tí ó lè kọ́ ọ dáadáa: nígbà tí ó bá ge ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ jù, tí ìyẹn han gooro tí ó sì kọ̀ láti bá a ṣeré mọ́, ibẹ̀ ni ó ti ń mọ bí eyín rẹ̀ ti le tó. Láti ọ̀sẹ̀ 3 sí bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọkàn ajá ṣí sílẹ̀ jù láti gba ohun tí ó bá rí gẹ́gẹ́ bí ará ilé. Èyí tí ẹ bá mú ní ọ̀sẹ̀ 8, ó ku bí ọ̀sẹ̀ 6 tí ẹ ó fi jẹ́ kí ehoro di ohun tí ojú rẹ̀ ti mọ̀. Ajá tí ó ti pé ọdún kan kí ó tó rí ehoro àkọ́kọ́, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ púpọ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ìdí àwọn ọmọ ajá náà, ẹ mú díẹ̀ lọ́wọ́ nínú koríko gbígbẹ tí ehoro yín ń sùn lé, àti àkísà kan tí ẹ so okùn mọ́. Ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹ wọ́ àkísà náà kọjá níwájú wọn. Gbogbo wọn ni yóò lé e. Ọmọdé ni wọ́n. Ohun tí ẹ ó wò ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe bí ó bá mú un. Èyí tí ó gé e mọ́ eyín, tí ó ń kùn, tí ó ń gbọn orí sọ́tùn-ún sósì, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á, kì í ṣe tiyín, bí ó tilẹ̀ rẹwà jù wọ́n lọ. Èyí tí ó sá wọ abẹ́ ìyá rẹ̀ lọ, tí ó ń gbọ̀n, kì í ṣe tiyín náà, nítorí pé ẹ̀rù ni ó máa ń sọ ajá di abunijẹ lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ wá èyí tí ó mú un, tí ó fi ṣeré díẹ̀, tí ó sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ẹ pè é, tí ó ń ju ìrù bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé koríko ehoro sílẹ̀. Kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ, ohun tí ẹ ń fẹ́ nìyẹn. Ìdánwò yìí kì í ṣe ẹ̀rí pátápátá, nítorí pé ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 ṣì ń yí padà, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a fi àwọ̀ irun yan ajá lọ. Akọ tàbí abo, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ọmọ ajá tó fojú kan ehoro, kí dókítà ẹran ti rí i. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọn yóò sì máa tún un gbà títí yóò fi pé bí ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi máa ń jẹ́ ní oṣù 3. Oògùn aràn ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Oríṣi aràn pẹlẹbẹ kan wà tí ajá àti ehoro jọ ń pín láàárín ara wọn: ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ ajá jáde, ó ń lẹ̀ mọ́ koríko, ehoro jẹ koríko náà, ọmọ aràn sì di àpò omi kéékèèké nínú ikùn rẹ̀ àti lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ajá bá wá jẹ ìfun irú ehoro bẹ́ẹ̀ ní tútù, aràn náà yóò dàgbà nínú rẹ̀, àyípo náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ̀rọ̀ ajá ọdẹ bí mo ti sọ ọ́. Ẹ sọ fún dókítà pé ehoro wà nílé, kí ó lè fi oògùn aràn pẹlẹbẹ kún èyí tí ó fẹ́ fún ajá. Ẹ máa kó ìgbẹ́ ajá nù lójoojúmọ́. Kí ọmọbìnrin yín má sì máa já yúnyun tàbí eèsún fún ehoro lẹ́bàá ọ̀nà tí ajá ìlú ń gbà kọjá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n má rí ara wọn rárá. Ẹ kàn máa gbé aṣọ tí ajá sùn lé sí ẹ̀gbẹ́ kéèjì, kí ẹ sì gbé koríko ehoro sí ibùsùn ajá, títí òórùn náà kò fi ní jẹ́ tuntun sí ìkankan nínú wọn. Kí kéèjì ga kúrò nílẹ̀, kí ó ní ihò ìfarapamọ́ kan nínú tí ojú ajá kò lè tó, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ní ìkọ́ tí imú ajá kò lè ṣí. Ẹ fi wáyà yí ẹsẹ̀ kéèjì náà ká, nítorí pé ọmọ ajá fẹ́ràn láti máa dúró nísàlẹ̀ kí ó máa jẹ ìgbẹ́ ehoro tí ó ń jábọ́. Ìgbẹ́ náà kì í sábà pa ajá lára. Ẹni tí ń gbé lókè tí ó ń rí ajá nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ látàárọ̀ ni mo ń rò. Ẹ má sì torí ààbò ti ehoro mọ́ inú páálí tàbí yàrá tí atẹ́gùn kò sí. Ní oṣù kẹta, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, ooru ilẹ̀ wa nìkan tó pa á, nítorí pé ara ehoro kò gba ooru tí ó bá ti kọjá ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó mú wọn pàdé. Kí ajá ti jẹun, kí ó ti sáré títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kí okùn sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ehoro wà nínú kéèjì. Ẹni kan di okùn ajá mú ní ọ̀ọ́kán, ọmọbìnrin yín jókòó ti ehoro. Ìṣẹ́jú 5 tó. Nígbàkúùgbà tí ajá bá gbójú kúrò lára ehoro tí ó sì wo ẹni tí ó mú un, ẹ fún un ní ẹja gbígbẹ bíńtín. Kì í ṣe ìgbà tí ó bá ń wo ehoro ni ẹ ó fún un o, ìgbà tí ó bá fi í sílẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún un ṣe. Ọjọ́ tí ó bá tẹ àyà mọ́lẹ̀ tí ó gbé ìdí sókè, eré ló ń pè é sí, ṣùgbọ́n lójú ehoro, ẹranko tí ó fẹ́ fò mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ rọra fà á sẹ́yìn láìbínú.

Ehoro náà ni kí ẹ fi ṣe adájọ́. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ilẹ̀, tí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, tí ojú rẹ̀ yọ síta, tàbí tí ó kàn dì gbagidi sójú kan, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Bí ó bá ń jẹ ewé rẹ̀ lọ lójú ajá, tí ó ń fi ọwọ́ nu ojú, tí ó nà gbalaja, nǹkan ń lọ dáadáa. Kí ọmọ yín máa wo ìgbẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Bí ó bá kéré ju ti tẹ́lẹ̀ tàbí tí ó dín kù, ẹ dá ìpàdé náà dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè gba oṣù. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí abo náà bímọ lọ́jọ́ kan, oyún rẹ̀ kò ju bí ọjọ́ 31 lọ, kí ajá má sì dé àgbègbè kéèjì ní gbogbo àsìkò náà àti lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé abo ehoro tí ìbẹ̀rù bá mú lè pa ọmọ rẹ̀ tàbí kí ó kọ̀ wọ́n sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí àlàáfíà oṣù àkọ́kọ́ tàn yín. Láti bí oṣù 6 títí di ọdún kan ààbọ̀, ajá ń bàlágà, ohun tí kò kà sí tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lójú. Nígbà náà ni kí ẹ tún fún okùn ní iṣẹ́. Ní ti fífi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láìsí ènìyàn lọ́dọ̀ wọn, kò sí ọjọ́ orí tí mo lè sọ pé ó ti tó. Ehoro tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ní gbogbo ọdún náà ni kí ilẹ̀kùn sì fi máa wà láàárín wọn bí ẹ bá jáde. Ajá yín yóò ṣọ́ ọgbà lóru, ehoro yóò wà nínú ilé pẹ̀lú ọmọ yín, wọn yóò sì máa rí ara wọn nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀. Ìyẹn ti tó fún àwọn méjèèjì.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ajá mi ti pé oṣù 5, ó sì ń lé ehoro mi nígbàkúùgbà tí mo bá tú u sílẹ̀. Mo ti nà án títí, kò gbọ́. Ṣé kí n mú un lọ fún ẹlòmíràn ni? (Láti Kàbà)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé pàṣán náà sílẹ̀ ná. Ohun tí ajá yín ń kọ́ ni pé bí ehoro bá ti yọjú, ìyà ń bọ̀, nítorí náà ẹ ń fi ìkórìíra kún eré ọmọdé. Lílépa náà fúnra rẹ̀ dùn mọ́ ajá, ìgbàkúùgbà tí ó bá sì ráyè ṣe é ni ó ń mọ́ ọn lára sí i. Kí ẹ má tún tú u sílẹ̀ níbi tí ehoro wà láti òní lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ehoro kò sí: ẹ gbé oúnjẹ sọ́wọ́, ẹ pa ọwọ́ dé, ẹ sọ pé “Fi sílẹ̀!”, kí ẹ sì dúró. Bí ó bá ti yọ imú kúrò, ẹ fi ọwọ́ kejì fún un ní ohun tí ó dùn ju ìyẹn lọ. Nígbà tí ó bá ti mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀, ẹ lò ó sí bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà sí adìyẹ ọ̀nà jíjìn, kí ó tó wá kan ehoro nínú kéèjì, pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Bí ó bá tó oṣù mẹ́ta tí kò sí ìyípadà, tí ó ṣì ń tẹjú mọ́ kéèjì tí ó ń gbàgbé oúnjẹ rẹ̀, ẹ wá ilé tí kò sí ẹran kékeré fún un. Kò sí ìtìjú kankan nínú ìyẹn, oore lẹ ṣe fún àwọn méjèèjì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀. Eégbọn pọ̀ lára ọmọ ajá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wálé. Bàbá mi ra oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí ara ajá. Mo rí eégbọn kan lára ehoro mi pẹ̀lú. Ṣé mo lè fọ́n díẹ̀ sí i lára?

ÌDÁHÙN: Má fọ́n ọn o, ọmọ mi. O ṣeun tí o kọ́kọ́ béèrè. Wo ẹ̀yìn ìgò náà: bí o bá rí fipronil, orúkọ èròjà apakòkòrò kan, níbẹ̀, májèlé ni fún ehoro, bí ó tilẹ̀ ń ṣe ajá lóore. Ehoro tí ó bá kàn lára lè kọ oúnjẹ, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè kú, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ènìyàn ti rò pé ewu ti kọjá. Nítorí ìdí yìí, bí bàbá rẹ bá fọ́n ọn sí ajá, yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí ehoro má baà fara kan irun ajá tí oògùn wà tàbí kí ó lá a, kí o sì fọ ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ọṣẹ kí o tó gbé ehoro. Kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì ọkọ̀ tí àwọn kan ń fi pa ajá lára kò dára fún ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Eégbọn kan ṣoṣo tí o rí lára ehoro, bẹ àgbà kan kí ó bá ọ fi ohun ìfatu kékeré mú un ní ìdí ẹnu gan-an, kí ó fà á jáde tààrà láìtẹ ikùn rẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, dókítà ẹran ní oògùn tí ara ehoro gbà, ìwọ̀n tí yóò fún un sì wà lọ́wọ́ bí ehoro náà bá ti wúwo tó. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fọ́n ọn sí i kí ìdáhùn yìí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ní kí bàbá rẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí, kì í ṣe lọ́la, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání.